Igi Tó Dá Igbó Ṣe, Tí Ẹran Ń Jẹ Ọmọ Rẹ̀

Lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi, níbi tí omi ìwẹ̀ àti omi tí a fi ṣan àwo ti máa ń ṣàn wọlẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wà tí kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín. Ohun tí gbogbo wa nínú agbo ilé mọ̀ ni pé bí a bá bẹ́ èyí tó gbó lónìí, tí a sì gé ìyá rẹ̀ lulẹ̀, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ti máa yọjú ní ìdí rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé. Ní ọdún kan, aládùúgbò wa kan kó ewúrẹ́ dé. Àwọn ewúrẹ́ náà kò fẹnu kan àgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ọrùn wọn kò tó ewé rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí ni wọ́n ń já jẹ ní òròòwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà yóò wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, yóò sì kí wa kú iṣẹ́, nítorí àwọn àgbà ṣì dúró gbagidi, ewé wọn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyá mi nìkan ni kò bá wọn dúpẹ́. Ó na ìka sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ ò rí i ni? Kò sí ọmọ níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa igi kan tó wà lórí òkè ní Ìpínlẹ̀ Utah, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi yangàn káàkiri ayé, tí àwọn arìnrìn-àjò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, ṣùgbọ́n tí ohun tó ń ṣe é kò yàtọ̀ rárá sí ohun tó ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa.

Ẹbí igi pópúlà ni igi náà. Pópúlà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa, bí kò tilẹ̀ hù nínú igbó wa rí: ẹni tó bá ti ka ìwé Jẹ́nẹ́sísì yóò rántí bí Jákọ́bù ṣe bó èèpo ọ̀pá igi yìí títí funfun inú rẹ̀ fi hàn, tó sì tò ó síwájú agbo ẹran Lábánì níbi tí wọ́n ti ń mumi. Ẹ̀yà pópúlà pọ̀, ìbátan igi wílò sì ni gbogbo wọn. Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ásípẹ̀n, tí àwọn onímọ̀ sọ ní Populus tremuloides: ásípẹ̀n aláwọ̀ ẹfun, a-dúró-ṣánṣán-lórí-òkè, ọmọ a-jó-láìgbọ́-ìlù, igi tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí wúrà nígbà tí òtútù bá fẹ́ wọlé, tí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yóò sì tàn bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sí i lábẹ́. Ìdí tó fi ń jó láìgbọ́ ìlù kò ṣòro láti mọ̀. Ọrùn tó so ewé rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kò rí róbótó bíi ti ewé igi mìíràn. Pẹlẹbẹ ni, ó sì dábùú sí ojú ewé fúnra rẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí kò lè mi irun orí ọmọ tuntun yóò mi ewé ásípẹ̀n, ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé náà yóò sì dà bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ lókèèrè. Èèpo rẹ̀ pàápàá ní iṣẹ́ tó ń ṣe: àwọ̀ ewé wà lábẹ́ funfun rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òtútù bá ti gbọn gbogbo ewé dànù, èèpo náà ṣì lè fi ìtànṣán oòrùn wá oúnjẹ díẹ̀ fún igi.

Kò sí igi kan ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò tó ti ásípẹ̀n, nítorí láti Alaska ló ti bẹ̀rẹ̀, ó la Kánádà já dé Newfoundland létí òkun ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀lé orí àwọn òkè ńlá sọ̀kalẹ̀ títí dé Mẹ́síkò. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé igi tó tàn tó báyìí kò ní ohun tó ń yàn ti ṣìnà. Ó fẹ́ oòrùn. Kò lè gbé lábẹ́ òjìji ẹlòmíràn. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin tí omi kò sì dá rogún sí, ó sì fẹ́ òtútù, nítorí òjò dídì tó bo orí òkè nígbà òtútù ni yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilẹ̀ fún un nígbà ìrúwé. Ní ìhà àríwá, ó lè hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a ti ń lọ sí gúúsù tí oòrùn ń mú sí i ni ó ń gun òkè sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun yóò mú ọ̀kan wálé wá gbìn sí àgbàlá.

Àwa Yorùbá a máa sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. N ò mọ ohun tí àwọn baba tó pa òwe yìí ì bá wí bí wọ́n bá dé ẹ̀bá adágún omi Fish Lake ní Utah, ní ibi tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,700 sí ojú òkun, tí wọ́n bá igbó kan níbẹ̀ tó gba ékà 106, tí ìtì igi inú rẹ̀ tó nǹkan bí 47,000, tí ẹnì kan sì wá sọ fún wọn pé igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Gbòǹgbò kan ló so gbogbo wọn, láti inú irúgbìn kan ni wọ́n sì ti ṣẹ̀. Ní 1976 ni Jerry Kemperman àti Burton Barnes, tí wọ́n fara balẹ̀ wo ìrísí ewé àti èèpo igi ibẹ̀, kọ̀wé pé ara kan náà ni. Nígbà tó di 1992, Michael Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Colorado tún kéde pé ó jọ pé òun ni ohun ẹlẹ́mìí tó wúwo jù lọ láyé, nítorí wọ́n ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6,000. Pando ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí "mo tàn kálẹ̀" lédè Látìnì. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì jẹ́rìí sí i pé wọn kò parọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni ẹnu kò tíì kò lé lórí. Àwọn kan ń pe 80,000 ọdún, àwọn mìíràn ní iye yẹn ti pọ̀ jù. Kí a ṣáà gbà pé ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ìlú kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ ayé, kí a sì fi ìjà iye ọdún sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í jẹun.

Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Pando. Akọ ni. Ìdí ni pé akọ àti abo ásípẹ̀n kì í wà lórí igi kan náà, abo ló sì ń so irúgbìn. Baba yìí kò so irúgbìn kan rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, síbẹ̀ ó bí ọmọ tó kún ékà 106, láìsí ìyàwó, láìsí àlejò.

Bí ó ṣe bí wọn ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdààmú rẹ̀ ti wá. Irúgbìn ásípẹ̀n kéré, òwú funfun ló bò ó bíi ti àràbà, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n kò gbé oúnjẹ kankan lọ́wọ́, ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ń gùn, bí kò bá sì bọ́ sí ilẹ̀ tó ṣófo tó sì tutù, ó di ègbé. Lórí àwọn òkè gbígbẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, àyàfi níbi tí iná bá ti jó igbó kanlẹ̀. Gbòǹgbò ni ásípẹ̀n gbójú lé nígbà náà, ọ̀nà tó sì ń gbà kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà igi bá wà láàyè, èròjà kan máa ń ti ewé orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa dá àwọn ọmọ tó fẹ́ yọ dúró, bí ìgbà tí baálé ń sọ fún àwọn èwe pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù; ṣùgbọ́n bí iná, ìjì tàbí àáké bá mú àgbà náà lọ, ohùn baálé á dákẹ́, oòrùn á kan ilẹ̀ tí òjìji bò tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò á gbóná, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ékà kan. Oúnjẹ tí àwọn àgbà ti kó pamọ́ sínú gbòǹgbò ni àwọn ọmọ náà ń jẹ dàgbà, nítorí náà wọ́n lè ga tó mítà kan láàárín ọdún kan péré. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: bí iná bá kọ lu igbó ásípẹ̀n, èèpo rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ kò lè gba òkè igi là, ṣùgbọ́n iná kan náà ló ń pa àwọn igi abẹ́rẹ́ tí ń fara balẹ̀ dàgbà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ì bá fi òjìji pa á nígbà tó bá yá, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún ìran tuntun. Iná yìí ni àwọn olùṣọ́ igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún pa níbikíbi tó bá ti rú èéfín, pẹ̀lú ọkàn rere.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí gba pé ọmọ wà. Ní Pando, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtì igi tó dúró lónìí ti lé ní 100 ọdún, èyí tó sì wọ́pọ̀ kí ásípẹ̀n kan gbé láyé kò ju 100 sí 150 lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí jọ dàgbà, wọ́n jọ darúgbó, àrùn èèpo àti àrùn ewé ń bá wọn jà pọ̀, wọn yóò sì jọ máa wó. Ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ wọn, kò ní rí ẹni tí yóò gba ipò wọn. Kì í ṣe pé gbòǹgbò yàgàn. Ó ń bí, wọ́n ń jẹ ẹ́. Àgbọ̀nrín kan tí wọ́n fi ìbaaka sọ lórúkọ nítorí etí rẹ̀ tó gùn, àti màlúù tí wọ́n ń dà gba ibẹ̀ kọjá fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún, ni wọ́n ń já àwọn ọmọ náà ní orí bí wọ́n ti ń yọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́: bí ọmọ ásípẹ̀n bá lè ga ju ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín tó lọ, ó bọ́, ṣùgbọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ti bọ́. Ní 2018, Paul Rogers àti Darren McAvoy ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Utah tẹ àwọn àwòrán tí wọ́n ti inú ọkọ̀ òfuurufú yà fún ọdún 72 jáde, ẹni tó bá sì wò wọ́n tẹ̀léra yóò rí igbó náà bó ṣe ń di fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó gbó, tí ilé ìsinmi, ibùdó àwọn àlejò àti ojú ọ̀nà ọkọ̀ tó là á já sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ibi yìí ni yóò máa bú àgbọ̀nrín. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Àgbọ̀nrín àti ásípẹ̀n ti jọ wà lórí òkè yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó ń lé e kiri, tí kì í jẹ́ kó dúró jẹun lójú kan, ni ìkookò, ìkookò sì ni àwọn ènìyàn fi ìbọn, májèlé àti owó ìjọba pa run ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kí màlúù àti àgùntàn wọn lè sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ ilé ìsinmi sáàárín igbó, wọ́n ṣe ibùdó fún àlejò, ibi tí àlejò sì pọ̀ sí, ọdẹ kì í yìnbọn níbẹ̀. Kí ni àgbọ̀nrín ì bá tún ṣe? Ó rí ilé tí kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀, tí oúnjẹ sì ń hù fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀, ó jókòó. Níbi yìí ni mo ti padà gbà pé àwọn baba tó pa òwe kò ṣìnà, nítorí igi tó ní gbòǹgbò kan, tó dá nìkan kún ékà 106, kò dá igbó ṣe síbẹ̀: ìkookò wà nínú igbó náà, iná wà nínú rẹ̀, òjò dídì wà nínú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n yọ ìkookò àti iná kúrò ni igi kan ṣoṣo náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́nà mìíràn.

Àwọn tó ń ṣọ́ Pando kò káwọ́ gbera. Ní 2013 àti 2014, wọ́n fi wáyà ṣe ọgbà yí apá kan rẹ̀ ká. Níbi tí ọgbà náà ti le dáadáa, àwọn ọmọ yọ, wọ́n sì ń ga. Níbi tó ti gbó, àgbọ̀nrín fò ó wọlé, ó sì ń jẹun lọ títí wọ́n fi tún un ṣe. Apá ńlá nínú igbó náà kò sì ní ọgbà kankan nígbà náà. Bí a bá rìn láti ìhà kan dé èkejì, bí ìgbà tí a ń lọ láti ìlú kan sí ìlú mìíràn ni: níhìn-ín, ọmọ pọ̀ ju àgbà lọ, lọ́hùn-ún, àgbà nìkan ló kù, àlàfo sì wà láàárín wọn tí oòrùn ń wọlé tààrà. Ọdún 2014 yìí kan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Utah sọ ásípẹ̀n di igi ìpínlẹ̀ wọn, tí wọ́n yọ igi spruce kúrò lórí oyè náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n oyè tí a fi dá arúgbó lọ́lá nígbà tí ẹran ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí agbádá tí a wọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń sọ pé ọgbà sọ igbó di ilé ẹranko tí a ń sanwó wò, pé ohun tí a fi wáyà há kì í ṣe igbó mọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, Rogers fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé ọgbà ń pín igi kan ṣoṣo yìí sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọn kò jọra mọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá ni ọ̀tá, kì í ṣe àgbọ̀nrín. Àwọn náà kò parọ́ tán: ọ̀dá ńlá tó mú ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní 2002 ló ṣáájú ikú òjijì tó kọ lu ásípẹ̀n káàkiri àwọn òkè Colorado ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí bí ilẹ̀ bá gbẹ tí oòrùn sì mú jù, ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi yóò kún fún afẹ́fẹ́, igi yóò sì gbẹ láti orí wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó. Ìdílé tó ní ọmọdé, tó ní ọ̀dọ́, tó sì ní àgbà, bí ọ̀dá bá dé, yóò pa àwọn kan, yóò fi àwọn kan sílẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ arúgbó nìkan, ọ̀dá kan ti tó o.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tó pa ìkookò ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìkookò. Bí wọn kò bá fẹ́ dá ẹranko náà padà sí Fish Lake, bí wọ́n ti dá a padà sí ọgbà Yellowstone ní 1995 àti 1996, níbi tí wọ́n ti kó mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá láti Kánádà, tí ọmọ ásípẹ̀n sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk ní àwọn ibì kan níbẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lórí iye tó jẹ́ ti ìkookò nínú rẹ̀ àti iye tó jẹ́ ti ọdẹ, béárì àti òjò), a jẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọdẹ wọ inú Pando ní àkókò tí àlejò kò sí, kí àgbọ̀nrín lè tún kọ́ bí a ti ń bẹ̀rù. Kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn fún màlúù. Ékà 106 kò tó ohun tí a ń bá màlúù dù nínú gbogbo ilẹ̀ Utah. Kí wọ́n parí ọgbà náà yí gbogbo rẹ̀ ká, kí wọ́n má fi apá kankan sílẹ̀ fún ẹran, kí wọ́n sì fi ọjọ́ tí wọn yóò tú u ká sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ bá rí i pé ó tọ́, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú àwọn àgbà tó ti ń kú lọ, kí ohùn baálé lè dákẹ́ níbẹ̀, kí gbòǹgbò lè sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní èyí le jù, kí ó sọ fún wa ohun tó fẹ́ fi rọ́pò arúgbó tí kò ní ọmọ.

Ìyá mi kò pa ewúrẹ́ aládùúgbò wa, kò sì bá a jà. Ó lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, aládùúgbò náà sì gbà kí wọ́n máa so àwọn ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń já ewé fún wọn jẹ. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi dé, àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti ga ju orí mi lọ, ó sì ní kí n lọ tú okùn.